Àwòrán ìrọ̀lẹ́ ní Òkè Ìdànrè tí mo rà sí pálọ̀: ohun tó dára àti ohun tó kù díẹ̀ káàtó

Bí ẹ bá ń wá àwòrán òkè rà, èyí tí ẹ máa kọ́kọ́ rí ni òkè ṣóńṣó tí yìnyín bò lórí, pẹ̀lú adágún omi nísàlẹ̀, tí oòrùn sì ń wọ̀ lẹ́yìn irú igi tí kò sí nílẹ̀ wa. Kò burú fún ẹni tó bá fẹ́ràn rẹ̀. Ọmọ Àkúrẹ́ ni mí ní tèmi, òkè tí ojú mi mọ̀ kò ní ṣóńṣó rárá. Àpáta ńláńlá ni, ó pá lórí, igi kéékèèké sì ń hù láàárín ibi tó bá sán.

Ìdí nìyẹn tí mo fi lọ bá ayàwòrán kan tó ń gbé Àkúrẹ́. Ọ̀dà àkírílíìkì ló fi ṣe é lórí kánfáàsì, íńṣì 24 ní gíga, íńṣì 36 ní ìbú. ₦180,000 ni mo san, ti férémù ti wà níbẹ̀, owó ọkọ̀ dé Ìbàdàn lọ́tọ̀. Ọkọ mi gbọ́ iye rẹ̀, ó ní ṣé òkè náà gan-an ni mo rà ni.

Àpáta inú rẹ̀ ni kò jẹ́ kí owó yẹn dùn mí. Ọ̀pọ̀ ayàwòrán ni yóò gbé oòrùn sẹ́yìn òkè, wọ́n á wá fi dúdú kun òkè náà látòkè délẹ̀, ó tán. Àpáta kì í dúdú bẹ́ẹ̀ nírọ̀lẹ́. Lóòótọ́ ni pé ojú tó kọ sí wa ti bọ́ sínú òjìji, àmọ́ ojú ọ̀run tó wà lókè orí wa ṣì ń tànmọ́lẹ̀ sí i. Àwọ̀ àlùkò ni Bọ̀dá yìí lò, ó fi aró díẹ̀ sí ibi tó bá jinnú, ó wá fa ìlà pupa osùn tín-ín-rín sí etí òkè níbi tí oòrùn ti ń yọjú gbẹ̀yìn. Òkè tó jìnnà jù ti ń ṣá, ó ń lọ sí àwọ̀ eérú, bí ojú ṣe máa ń rí ohun tó wà lọ́nà jíjìn gan-an nìyẹn. Ó tún fa àwọn ìlà dúdú tí omi òjò máa ń fà sára àpáta láti òkè wá sílẹ̀. Ẹni tó bá ti kọjá rí ní Òdòdè, ìlú tó wà ní ìdí òkè náà, mọ ìlà wọ̀nyẹn. Ọ̀bẹ ló fi tẹ́ ọ̀dà náà níbẹ̀, kì í ṣe búrọ́ọ̀ṣì, nítorí náà ó ga sókè díẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé sì máa ń mú un. Àwòrán tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ sórí kánfáàsì, tí wọ́n ń tà lówó pọ́ọ́kú, kò lè ní ìyẹn láé.

Mo bi í lórí fóònù pé, "Bọ̀dá, ṣé fọ́tò lẹ wò yà á?" Ó ní, "Mà, fọ́tò wà o, àmọ́ mo lọ jókòó sí ìdí òkè náà dáadáa. Oòrùn tiwa kì í dúró deni." Òótọ́ ló sọ. Níhà ọ̀dọ̀ wa, tí a sún mọ́ ìlà agbedeméjì ayé, oòrùn fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń já sílẹ̀ lóòró ni, kí ẹ tó po ọ̀dà pọ̀ tán, pupa ojú ọ̀run ti lọ.

Mo tún fẹ́ràn pé kò sọ ọ́ di ìwé ìpolówó. Ìlú wà lórí òkè yẹn kí àwọn ará Ìdànrè tó sọ̀kalẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, àáfin àtijọ́ ti Ọwá, ọba wọn, ṣì wà níbẹ̀, orúkọ òkè náà sì ti wà láti 2007 lára àwọn ibi tí Nàìjíríà fẹ́ kí UNESCO kà mọ́ ogún àgbáyé. Ẹlòmíì ì bá ti fi àtẹ̀gùn tí wọ́n fi ń gun òkè náà àti àáfin kún un tipátipá.

Ìsàlẹ̀ àwòrán náà ló kù díẹ̀ káàtó. Ọ̀pẹ mẹ́ta wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn òrùlé páànù, òjìji wọn sì na sí ẹ̀gbẹ́. Oòrùn wà níwájú wa, ọ̀ọ́kán tààrà. Ọ̀dọ̀ àwa tí à ń wò ó ló yẹ kí òjìji máa bọ̀. Ọ̀pọ̀ àlejò kò kíyè sí i. Èmi ti rí i, n kò sì lè ṣe bí ẹni pé n kò rí i mọ́. Férémù náà kò dáa tó: igi rẹ̀ kò gbẹ kí wọ́n tó kàn án, igun kan ti ń là. Káfíńtà àdúgbò wa ló bá mi tún un ṣe.

Ẹ ṣọ́ra fún fọ́tò orí WhatsApp. Fóònù máa ń mú kí pupa àti àwọ̀ ọsàn ta sí ni lójú ju bó ṣe rí lọ. Fídíò tí wọ́n yà lẹ́bàá fèrèsé lọ́sàn-án ni kí ẹ ní kí wọ́n fi ránṣẹ́. Gílóòbù ilé yín náà ṣe pàtàkì. Lábẹ́ iná oníyẹ́lò, àlùkò inú àpáta wá ń dà bí búráùn. Ìgbà tí mo fi gílóòbù funfun rọ́pò rẹ̀ ni òkè náà tó padà sípò. Ẹ má gbé e kọ́ síbi tí oòrùn ti ń wọlé bá a tààrà, ẹ sì jẹ́ kí àyè díẹ̀ wà láàárín rẹ̀ àti ògiri lásìkò òjò, kí ẹ̀yìn rẹ̀ má bàa bu. Aṣọ tútù kò gbọdọ̀ kàn án. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ tó gbẹ ti tó fún eruku.

Mo fún un ní 4 nínú 5. Ẹni tó kàn ń wá ohun tó máa bá kọ́tíìnì mu lè rí èyí tí kò wọ́n tó báyìí rà, kó sì tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ẹni tó bá mọ Ìdànrè ni kó lọ bá Bọ̀dá yìí, kó sì bá a sọ̀rọ̀ òjìji kó tó san àsansílẹ̀.