Ojú-ìwé èrò àwọn ìwé ìròyìn Lárúbáwá: èwo ló yẹ kí ará Èkìtì ná dátà lé lórí?

Ní ìdí àwọn tó ń ta ìwé ìròyìn ní Fajuyi, l'Ádó-Èkìtì, ẹ ó rí ti Gẹ̀ẹ́sì jọ, ẹ lè rí ti Yorùbá kan tàbí méjì, ẹ kò ní rí ti Lárúbáwá rárá. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí àwọn Lárúbáwá fúnra wọn ń sọ nípa ìjọba wọn, nípa àtúnṣe ìlú, àti nípa bí Amẹ́ríkà, Iran àti Tọ́kì ṣe ń ti ọwọ́ bọ ọ̀rọ̀ wọn, orí fóònù ló ti máa bá a. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń kà á. Dátà, àkókò àti làákàyè ni wọ́n ń jẹ. Àgbéyẹ̀wò yìí wà fún ẹni tó jáde ilé kéú tàbí tó ka Lárúbáwá ní yunifásítì, ó sì wà fún ẹni tí kò dá álífù mọ̀ ṣùgbọ́n tó lè lo Google Translate.

Kí ẹ tó ka ìlà kan, ẹ wádìí ẹni tó ń bọ́ ìwé ìròyìn náà. Èyí kò ṣàjèjì sí wa. Ẹni tó bá ń dúró ka ìwé ìròyìn Nàìjíríà lọ́fẹ̀ẹ́ ní àárọ̀ ti mọ olóṣèlú tó ni èyí àti èyí tó ni tọ̀hún, ó sì ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ olóòtú máa forí sọ kó tó kà á. Bí ẹnu bá jẹ, ojú á tì. Bó ṣe rí lọ́dọ̀ àwọn Lárúbáwá náà nìyẹn, àfi pé orílẹ̀-èdè odidi ló sábà máa ń wà lẹ́yìn owó tiwọn.

Asharq Al-Awsat ni ká fi bẹ̀rẹ̀. Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ ní 1978, owó Sàúdí ló ń gbé e, ilé iṣẹ́ kan náà ló sì ni Arab News tí wọ́n ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ. Nínú gbogbo wọn, òun ni ojú-ìwé èrò rẹ̀ kún jù, òun náà ló sì rọrùn jù fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, torí pé wọ́n ń túmọ̀ díẹ̀ nínú àwọn àpilẹ̀kọ náà sí Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn. Abdulrahman al-Rashed, tó ti jẹ́ olóòtú ibẹ̀ rí kó tó lọ darí ilé tẹlifíṣọ̀n Al Arabiya, kì í fa ọ̀rọ̀ gùn. Tí ẹ bá fi máa ka ìpínrọ̀ kejì, ẹ ti mọ ibi tó ń lọ. Ọmọ Lẹ́bánọ́ọ̀nì ni Hazem Saghieh, ó ń wa ọ̀rọ̀ jìn ju bẹ́ẹ̀ lọ: ìdí tí ìfẹ̀hónúhàn 2011, tí àwọn ará ìlú fi dìde sí ìjọba ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Lárúbáwá, fi fọ́, ìdí tí ẹ̀yà àti ẹ̀sìn fi ń gbé ìjọba mì. Ẹ fún tirẹ̀ ní ogún ìṣẹ́jú, kí ẹ má sì kà á nínú ọkọ̀.

Ibi tí Asharq Al-Awsat ti dára jù ni ọ̀rọ̀ Iran, Lẹ́bánọ́ọ̀nì, Iraq àti Síríà. Níbẹ̀, wọ́n mọ orúkọ, wọ́n mọ ìtàn, wọn kì í sì í bẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Sàúdí fúnra rẹ̀ ni ọwọ́ wọn ti ń rọ. Nígbà tí àwọn obìnrin Sàúdí bẹ̀rẹ̀ sí í wa ọkọ̀ ní ọjọ́ 24 Oṣù Kẹfà 2018, àwọn ìwé ìròyìn tí owó Sàúdí ń gbé yin ìjọba gidigidi. Ṣùgbọ́n àwọn kan lára àwọn obìnrin tó ti ń jà fún ẹ̀tọ́ náà láti ọdún pípẹ́ ni ìjọba ti kó sí àtìmọ́lé ní oṣù kan ṣáájú. Kì í ṣe ibí ni ẹ ó ti rí ẹni tó máa gbèjà wọn. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ Jamal Khashoggi, ọmọ Sàúdí tó jẹ́ akọ̀ròyìn, tí wọ́n pa nínú ilé aṣojú Sàúdí ní Istanbul ní ọjọ́ 2 Oṣù Kẹwàá 2018. Ìwé ìròyìn Amẹ́ríkà ló gbé àpilẹ̀kọ rẹ̀ tó kẹ́yìn jáde, ohun tó sì kọ sínú rẹ̀ ni pé àwọn Lárúbáwá nílò ibi tí wọ́n ti lè sọ èrò ọkàn wọn láìsí ìbẹ̀rù.

Kí ẹ fi Al-Quds Al-Arabi tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Lọ́ńdọ̀nù náà ni, 1989, àwọn ọmọ Palestine ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Abdel Bari Atwan ló jẹ́ olóòtú rẹ̀ títí di 2013, kó tó lọ dá Rai al-Youm sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, láti ìgbà náà sì ni ohùn Al-Quds Al-Arabi ti sún mọ́ ti Qatar. Ọ̀rọ̀ olóòtú rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Ra'y al-Quds, kì í ní orúkọ ẹni tó kọ ọ́, kì í sì í gùn. Ẹ fi ṣe oúnjẹ àárọ̀. Gilbert Achcar ń kọ tirẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ó sì wà lára àwọn díẹ̀ tó lè bá Amẹ́ríkà, Iran àti àwọn ọba Lárúbáwá wí nínú àpilẹ̀kọ kan ṣoṣo. Lórí Palestine, Íjíbítì àti Sàúdí, ìwé ìròyìn yìí mú bí abẹ. Tí ẹ bá ń wá àríwísí sí Doha, olú ìlú Qatar, ẹ ó wá a títí.

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ìdí tó fi jẹ́ méjì-méjì ni ká máa kà wọ́n nìyẹn: ti Riyadh, olú ìlú Sàúdí, àti ti Doha, lórí ọ̀rọ̀ kan náà, ní ọ̀sẹ̀ kan náà. Ohun tí ọ̀kan bá gbé pamọ́, èkejì á tú u síta. Ní Oṣù Kẹfà 2017, Sàúdí, Emirates, Bahrain àti Íjíbítì ti ẹnubodè wọn mọ́ Qatar, wọ́n sì to ohun 13 kalẹ̀ tí wọ́n ní ó gbọ́dọ̀ ṣe. Kí wọ́n ti Al Jazeera, ilé tẹlifíṣọ̀n Qatar, pa wà nínú rẹ̀. (Oṣù kan péré ni ìpínlẹ̀ Èkìtì fi gba Al Jazeera lágbà: ọjọ́ 1 Oṣù Kẹwàá 1996 ni wọ́n dá tiwa sílẹ̀, ọjọ́ 1 Oṣù Kọkànlá ni tiwọn bẹ̀rẹ̀.) Al-Araby Al-Jadeed, ìwé ìròyìn tí owó Qatar dá sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 2014, wà nínú ohun tí wọ́n ní kó tì pa bákan náà. Fún ọdún mẹ́ta àbọ̀, èébú ni wọ́n ń sọ lu ara wọn. Ní ọjọ́ 5 Oṣù Kìíní 2021, àwọn olórí jókòó ní Al-Ula, wọ́n parí ìjà, ohùn àwọn òǹkọ̀wé náà sì rọ̀. Ẹ mú àpilẹ̀kọ méjì láti 2019 àti méjì láti ìparí 2021, kí ẹ tò wọ́n síra. Ẹ ó kọ́ nínú rẹ̀ ju inú ìwé ńlá kan lọ.

Lórí ọ̀rọ̀ àtúnṣe, ẹni tí kò bá mọ 2004 á máa ṣi òde òní kà. Ọdún tó ṣáájú rẹ̀ ni Amẹ́ríkà wọ Iraq. Ní Oṣù Kejì 2004, ìwé ìròyìn Al-Hayat gbé ìwé ètò kan jáde tí ìjọba Bush fẹ́ gbé síwájú àwọn orílẹ̀-èdè ńlá mẹ́jọ: bí wọ́n ṣe fẹ́ tún gbogbo ilẹ̀ Lárúbáwá tò, láti ìdìbò dé ilé ẹ̀kọ́. Ariwo sọ. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ kan ti dúró sẹ́nu àwọn ìjọba: al-islah min ad-dakhil, àtúnṣe láti inú ilé wá. Òótọ́ wà nínú rẹ̀, torí pé àwọn kan náà tó ń wàásù ìdìbò ló ń ta ìbọn fún àwọn ọba. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ olórí fi ọ̀rọ̀ náà bojú, wọn kò sì ṣe àtúnṣe kankan títí ọdún 2011 fi ká wọn mọ́lé. Nítorí náà, bí ẹ bá rí òǹkọ̀wé tó ń bú ìdásí òkèèrè, ẹ wò ó bóyá ó sọ ohun tó yẹ kí ìjọba tirẹ̀ ṣe. Bí kò bá sọ ọ́, agbẹnusọ ni. Ó dùn wá pé Al-Hayat fúnra rẹ̀, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Beirut, olú ìlú Lẹ́bánọ́ọ̀nì, ní 1946, kò sí mọ́. Ojú-ìwé èrò rẹ̀ gba ọ̀tá àti ọ̀rẹ́ ju èyí tó kù lọ.

Beirut ni ìyà ti jẹ àwọn òǹkọ̀wé jù. An-Nahar ti wà láti 1933. Ní 2005 nìkan, bọ́ǹbù inú ọkọ̀ pa méjì lára àwọn ènìyàn rẹ̀ tó ń ta ko agbára Síríà ní Lẹ́bánọ́ọ̀nì: Samir Kassir ní Oṣù Kẹfà, Gebran Tueni ní Oṣù Kejìlá. Ní ọjọ́ 11 Oṣù Kẹwàá 2018, nígbà tí àwọn olóṣèlú kò rí ìjọba gbé kalẹ̀ láti ìgbà ìdìbò Oṣù Karùn-ún, An-Nahar tẹ ìwé ìròyìn tí ojú-ìwé rẹ̀ ṣófo. Tí ẹ bá fẹ́ ohùn kejì ní ìlú kan náà, Al-Akhbar (2006) ló sún mọ́ Hezbollah, ẹgbẹ́ òṣèlú Ṣíà tó ní ọmọ ogun tirẹ̀, tí Iran sì ń tì lẹ́yìn. Èdè rẹ̀ le, ó ń gún, ṣùgbọ́n ẹ kò lè mọ ohun tí apá yẹn ń rò bí ẹ kò bá kà á.

Ti Íjíbítì kò pọ̀. Al-Ahram ti wà láti 1875, ìjọba Ààrẹ Nasser sì gbà á ní 1960. Nígbà tí Heikal, olóòtú tó jẹ́ ọ̀rẹ́ Nasser, ń darí rẹ̀, àwọn ènìyàn ń ka àpilẹ̀kọ rẹ̀ ọjọ́ Jímọ̀ láti mọ ohun tó wà lọ́kàn Nasser. Lónìí, ohun tí ìjọba fẹ́ kí aráyé gbọ́ ni ẹ ó rí níbẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ sì tó. Mada Masr (2013) ni kí ẹ lo dátà yín lé lórí. Ìròyìn ló pọ̀ nínú rẹ̀ ju èrò lọ, láti Oṣù Karùn-ún 2017 ni wọ́n sì ti dí i mọ́ àwọn ará Íjíbítì lójú, ṣùgbọ́n ní Nàìjíríà ó ń ṣí. Wọ́n ń gbé ọ̀pọ̀ iṣẹ́ wọn jáde ní Lárúbáwá àti Gẹ̀ẹ́sì. Akẹ́kọ̀ọ́ Lárúbáwá lè ṣí méjèèjì kó máa fi ìpínrọ̀ wé ìpínrọ̀.

Ó ku èdè, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀. Ọmọ kéú tó ń ka Kùráánì geere lè dé ìdí ìwé ìròyìn kí ẹnu rẹ̀ wọ́, torí Kùráánì ní àmì lórí lẹ́tà, ìwé ìròyìn kò ní. Bí ẹni ń ka Yorùbá tí kò ní àmì ohùn ni: ẹ bá «owo», ẹ kò mọ̀ bóyá owó ni tàbí òwò. Lẹ́tà ayin, lam, mim lè jẹ́ ilm, ìmọ̀. Ó sì lè jẹ́ alam, àsíá. Ìyókù gbólóhùn ló máa sọ fún yín.

Àwọn ọ̀rọ̀ tí a ti yá lò tún wà, wọ́n sì ń tan wá. Ní ìwé ìròyìn Íjíbítì, al-jama'a kì í ṣe jàmáà mọ́ṣáláṣí. Ẹgbẹ́ Muslim Brotherhood ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, ẹgbẹ́ tí ìjọba ibẹ̀ kéde ní apanilẹ́rù ní Oṣù Kejìlá 2013. Fìtínà ti di ìyọlẹ́nu lásán lẹ́nu tiwa. Ní Beirut tàbí Baghdad, bí òǹkọ̀wé bá kọ fitna, ogun abẹ́lé láàárín Súnnì àti Ṣíà ló ń bà á lẹ́rù. Al-islah ni àtúnṣe, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ ti Yemen, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, ẹgbẹ́ òṣèlú kan ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ níbẹ̀ láti 1990. Google Translate máa ń pe nizam ní «system» nígbà tó jẹ́ ìjọba ipá ni òǹkọ̀wé ń bú. Al-hizb, «the party», ní Lẹ́bánọ́ọ̀nì sábà máa ń jẹ́ Hezbollah. Ad-dahiya, «the suburb», ni apá gúúsù Beirut níbi tí Hezbollah ti fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Bí ẹ kò bá mọ èdè náà rárá, ẹ máa túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, ẹ má túmọ̀ sí Yorùbá tààrà, torí àṣìṣe ibẹ̀ pọ̀ jù. Ìpínrọ̀ kan lẹ́ẹ̀kan ni kí ẹ máa kó sínú ẹ̀rọ náà. Gbólóhùn Lárúbáwá ń gùn, wọ́n ń fi wa àti fa (ọ̀rọ̀ bíi «àti» àti «nítorí náà») so ó pọ̀, tí ó bá sì ti gùn jù, ẹ̀rọ kì í mọ ẹni tí «he» ń tọ́ka sí mọ́.

Ẹ ṣọ́ra fún déètì pẹ̀lú. Oṣù Kìíní ni yanayir ní Íjíbítì, kanun ath-thani ní Lẹ́bánọ́ọ̀nì àti Síríà. Nọ́ńbà ٥ jọ òdo, márùn-ún ni. ٦ jọ méje, mẹ́fà ni. Àwọn méjì yìí ti mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ọdún tí kò tọ́ sọ̀rọ̀.

Ní ti dátà, ẹ ka ọ̀rọ̀ kíkọ, ẹ fi fídíò sílẹ̀. Wákàtí kan fídíò tí kò tilẹ̀ mọ́lẹ̀ púpọ̀ lè jẹ ìdajì gígábáìtì, nígbà tí ojú-ìwé èrò kan kì í sábà ju mẹ́gábáìtì díẹ̀ lọ. Níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń já láàárín òkè, ẹ ṣí àpilẹ̀kọ márùn-ún sílẹ̀ ní òru, kí ẹ fi pamọ́ láti kà láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Kí ẹ má kàn da ọ̀rọ̀ kọ láti inú PDF lọ sínú ẹ̀rọ atúmọ̀: lẹ́tà Lárúbáwá ń yí ìrísí padà gẹ́gẹ́ bí ipò rẹ̀ nínú ọ̀rọ̀, ọ̀pọ̀ PDF ni kò sì lè tú u síta bó ṣe wà, ó lè jáde ní àtẹ̀yìnwá tàbí ní ègé-ègé. Ẹ ya fọ́tò ojú-ìwé náà, kí ẹ fi Google Lens ka fọ́tò yẹn, òpó kan lẹ́ẹ̀kan, láti ọ̀tún wá sí òsì.