Ẹrù ọjọ́ mẹ́ta fún ọdẹ ìgbẹ́ Ṣábẹ̀ẹ́: èyí tó yẹ owó yín lọ́jà àti èyí tí kò yẹ ẹ́

Ẹni tó bá ń lọ sùn nínú ìgbẹ́ ní agbègbè Ṣábẹ̀ẹ́, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, nígbà ọyẹ́, ìbáà ṣe apá odò Ọ̀kpárà ló dorí kọ, ìbáà ṣe ìhà odò Wémè, omi ni kó kọ́kọ́ ṣírò kó tó wọ ọjà. Lítà omi kan, kílò kan ni. Ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn nínú oòrùn látàárọ̀ dalẹ́ á mu tó lítà 4 sí 5 lójúmọ́. Omi ọjọ́ mẹ́ta ti di kílò 12 sí 15 lọ́rùn rẹ̀ nìyẹn, kí ìbọn àti gàrí tó dé. Ọta kálíbà 12 pàápàá, 20 rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílò kan. Nítorí náà, ìwọ̀n la fi yẹ gbogbo ẹrù tí wọ́n ń tà fún ọdẹ wò níhìn-ín. Ohun tó bá wúwo ju iṣẹ́ tó ń ṣe lọ, àyè omi ló ń jẹ.

Bìdọ́ọ̀nù lítà 5 méjì sàn ju onílítà 10 kan lọ. Apá méjèèjì á pín ẹrù náà, bí ọ̀kan bá sì jò, ìdajì omi ṣì wà. Ẹ yẹ ìdérí rẹ̀ wò dáadáa, kí rọ́bà róbótó inú rẹ̀ wà níbẹ̀, kó má sì là. Ẹ bu omi sí i lójú ẹni tó ń tà á, ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀, kí ẹ fọwọ́ tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí omi bá kán, ẹ fi sílẹ̀. Èyí tó ti gbé kpayo, ìyẹn epo bẹntiróòlù fàyàwọ́, rí, ẹ má rà á bó ti wù kí owó rẹ̀ kéré tó. Epo náà máa ń wọnú ike lọ ni, kì í dúró lójú rẹ̀, ọṣẹ àti iyanrìn kò lè yọ ọ́. Bí oòrùn bá ti mú un, òórùn náà á tún jáde sínú omi. Akèrègbè fúyẹ́, omi inú rẹ̀ sì máa ń tutù, ṣùgbọ́n àpáta Ṣábẹ̀ẹ́ kì í foríjì í: bó bá já bọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó parí.

Fún omi odò, Aquatabs, hóró oògùn tó ń pa kòkòrò inú omi, ló yá jù, kò sì wúwo rárá. Hóró mg 67 kan wà fún lítà 20 omi tó mọ́. Ẹ jù ú sínú bìdọ́ọ̀nù ńlá tó wà ní àgọ́, ẹ mì í, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 30 kí ẹ tó mu ún. Bí omi bá rú, ẹ fi aṣọ tó nípọn sẹ́ ẹ, ẹ jẹ́ kó tòrò, kí ẹ wá lo hóró méjì. Ibi tí àṣìṣe ti ń wọlé ni pé àwọn kan ń ju hóró ńlá yìí sínú lítà 5. Omi náà á le lẹ́nu, wọ́n á dà á nù, wọ́n á sì padà máa mu omi odò lásán. Hóró mg 17 ni ti bìdọ́ọ̀nù kékeré. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára páálí kí ẹ tó sanwó.

Tọ́ọ̀ṣì orí ni ọjà ti ń rẹ́ ọdẹ jẹ jù, òun náà la sì fẹ́ kí ẹ náwó lé jù. Ìrìn ìdájí, àgọ́ pípa, ẹran kíkun lẹ́yìn tí ilẹ̀ bá ṣú, ọwọ́ méjèèjì ni gbogbo rẹ̀ ń fẹ́. Ẹ má wo páálí tó ń dán. Ẹ ṣí i, ẹ yọ bátìrì rẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn ń lo irú tí wọ́n ń pè ní 18650, tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 18, tí gígùn rẹ̀ sì jẹ́ 65. Bátìrì gidi tó tóbi báyìí kì í fi bẹ́ẹ̀ kọjá 3500 mAh, ìyẹn òṣùwọ̀n bí iná tó lè gbà ṣe pọ̀ tó. Èyí tí wọ́n kọ 9900 sí lára, irọ́ gbáà ni. Ẹ gbé e sórí òṣùwọ̀n alágbẹ̀dẹ wúrà: gidi á wọn nǹkan bíi gíráàmù 45 sí 50. Bí kò bá tó 35, bátìrì kékeré kan ni wọ́n ki sínú agolo ńlá. Kí ẹni tó ń tún fóònù ṣe tún fi mítà rẹ̀ wò ó. Bó bá kún, fóólìtì 4.2 ni, bó bá ti wálẹ̀ ju 2.5 lọ, ó ti bàjẹ́ nínú, kódà bó bá ṣì ń gba iná.

Ooru ni ọ̀tá rẹ̀. Bátìrì yìí kò fẹ́ kí a máa fún un níná nígbà tó bá gbóná ju 45°C lọ, síbẹ̀ a ń rí àwọn tó ń tẹ́ tọ́ọ̀ṣì àti páńẹ́ẹ̀lì tó ń fi oòrùn fún un níná sórí àpáta kan náà lọ́sàn-án gangan. Páńẹ́ẹ̀lì nìkan ni kó wà lóòrùn. Ẹ ra wáyà tó gùn, kí tọ́ọ̀ṣì wà lábẹ́ igi.

Èyí tí iná rẹ̀ ń tàn jìnnà ní ojú kan ṣoṣo ń wu olùrà, ṣùgbọ́n ẹni tó ń sọ̀kalẹ̀ lórí òkúta nílò iná tó tàn káàkiri ẹsẹ̀ rẹ̀. Kí iná pupa wà lára rẹ̀ pẹ̀lú. Iná funfun máa ń fọ́ ojú òru, ojú sì lè gbà tó ìṣẹ́jú 20 sí 30 kó tó padà mọ òkùnkùn. Iná pupa tó rọlẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá ti kó o sínú àpò, ẹ tú ìdérí bátìrì díẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á tan ara rẹ̀, ẹ ó sì bá a ní òkú lálẹ́. Ẹ mú bátìrì méjì dání, kí ẹ sì fi tọ́ọ̀ṣì kékeré tó ń lo bátìrì AAA ṣe àfikún, nítorí ẹ lè rí irú bátìrì yẹn rà ní abúlé. Ẹ má da tuntun pọ̀ mọ́ ògbólógbòó nínú rẹ̀, ògbólógbòó á dà omi síta. Ní ti àtùpà kábáìdì, a bọ̀wọ̀ fún un, ṣùgbọ́n omi ló fi ń ṣe gáàsì rẹ̀, omi tí ẹ fi ọrùn rù wá.

Bàtà: lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, a yan rẹ́ńjà aláwọ tó ga kọjá ọrùn ẹsẹ̀. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, bọ́ọ̀tù rọ́bà àgbẹ̀ ló kù. Àwọn méjèèjì ń dáàbò bo ibi tí ejò sábà máa ń bù ṣán, nítorí paramọ́lẹ̀ kì í sá fún ẹsẹ̀, ńṣe ló máa ń dùbúlẹ̀ sójú ọ̀nà. Sálúbàtà ike kò ní iṣẹ́ kankan níbẹ̀. Bí ejò bá tilẹ̀ bu ẹnì kan, ẹ má gé ojú rẹ̀, ẹ má sì so ó pinpin. Kí ẹsẹ̀ má mira, kí wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù kíákíá. Nínú rẹ́ńjà àlòkù, ẹ tẹ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ padà sẹ́yìn. Bó bá ń ya tàbí tó ń rún, ọjọ́ ti pọ̀ lórí rẹ̀ ju bí àwọ rẹ̀ ṣe ń fi hàn lọ. Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ wọ̀ ọ́ wò, nígbà tí ẹsẹ̀ bá ti wú díẹ̀, pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ méjì, fẹ́lẹ́ nínú, èyí tó nípọn lóde. Ìbọ̀sẹ̀ méjì yìí ni kì í jẹ́ kí gìgísẹ̀ lé.

Àpò ẹ̀yìn oníbẹ́líìtì ìbàdí, lítà 40 sí 50, dára ju àpò ẹlẹ́jìká kan lọ, torí ìbàdí ló yẹ kó gbé ẹrù. Ẹ wo ibi tí okùn èjìká ti bá àpò pàdé, kí wọ́n rán an lọ rán an bọ̀. Bí wọ́n bá rán an lẹ́ẹ̀kan péré, ẹ gbé e lọ bá aránbàtà kó fi okùn ìpẹja tún un rán. Ẹ fi ọwọ́ ra aṣọ rẹ̀ létí yín: bó bá ń dún ṣàṣà, ẹtu á gbọ́ yín kí ẹ tó rí i. Ìwé àṣẹ ìdẹ àti ìwé ìbọn, inú ọ̀rá tí a so pa ni. Ẹran kì í wọ ọ̀rá. Ooru inú ẹran gbọ́dọ̀ jáde, ọ̀rá á sì sé e mọ́lé títí á fi máa rùn. Ẹ yọ ìfun rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ẹ gbé e kọ́ síbi òjìji, kí ẹ wá fi àpò aṣọ funfun fẹ́lẹ́ bò ó nítorí eṣinṣin. Àpò aṣọ mẹ́ta kò wọn gíráàmù 300, aránṣọ èyíkéyìí lè rán an.

Ọ̀bẹ, ti alágbẹ̀dẹ ìlú ni ẹ rà, èyí tí wọ́n fi irin sípíríǹgì ọkọ̀ rọ. Kò dán bí ti òkèèrè, ó sì máa ń dípẹtà, ṣùgbọ́n á gba ojú lára òkúta nínú ìgbẹ́, tí irin olówó pọ́ọ́kú tó ń kọ mànà á tẹ̀ mọ́ eegun. Epo pupa kì í ṣe ohun tí à ń fi pa á, á di lílẹ̀, eruku ọyẹ́ á mọ́ ọn. Òrí tín-ń-tín ni, kí ẹ nù ún fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kí ẹ tó dá a padà sínú àkọ̀.