Ẹ̀rọ ohùn tàbí iná: èwo ni kí ẹnjiníà tuntun kọ́kọ́ dì mú n'Ìbàdàn?

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ẹ̀kọ́ ẹnjiníà ní Yunifásítì Ìbàdàn tàbí ní Pólì, tí ẹ fẹ́ máa ṣiṣẹ́ lóde ayẹyẹ, ohùn ni mo fara mọ́ jù. Kò sí òde ìnáwó tàbí ìsọjí tí kì í lo ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ìbáà jẹ́ ọ̀sán, ìbáà jẹ́ òru. Ìṣirò yín á sì wúlò níbẹ̀: ohùn ń rin nǹkan bí mítà 343 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí sípíkà ẹ̀yìn bá fi mítà 34 jìnnà sí ti iwájú, ẹ gbọ́dọ̀ dá ohùn ti ẹ̀yìn dúró fún bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ á máa kọ lu ara wọn. Àwọn ọ̀gá wa kan ń fi etí mọ̀ ọ́n, mo júbà wọn. Ẹ̀yin lè ṣírò rẹ̀ kí èrò tó dé.

Iṣẹ́ iná ìtàgé náà dára fún ẹni tó kọ́ iṣẹ́ mànàmáná: ẹ ó pín ẹrù jẹnẹrétọ̀ sórí féèsì mẹ́ta (ọ̀nà mẹ́ta tí iná ń gbà jáde), ẹ ó fa wáyà DMX512, èyí tó ń gbé àṣẹ lọ sọ́dọ̀ àwọn iná ìtàgé. Àmọ́ òde ọ̀sán ní Bódìjà kì í sábà bèèrè rẹ̀.