Bọ́ọ̀lù Kérésì tá a fọwọ́ ara wa ṣe: Canva àbí GIMP?

Bọ́ọ̀lù róbótó tí wọ́n ń so mọ́ igi Kérésì ni mò ń sọ, àwòrán ẹ̀ la fẹ́ yà. Mo ti lo Canva àti GIMP, ètò méjì tá a fi ń ṣe àwòrán, nílé wa níbí l'Ógbòmọ̀ṣọ́, ẹ jẹ́ n sọ bí mo ṣe rí i. Canva ò le rárá, fóònù náà tó o, wàá kàn wá "Christmas", bọ́ọ̀lù oríṣiríṣi á tú jáde, o mú kan, o kọ orúkọ màmá ẹ sí i, ó parí. Àmọ́ tó o bá fẹ́ kí ẹ̀yìn ẹ̀ ṣófo, kó má ní funfun kankan, àfi kó o sanwó, òun ló dùn mí jù.

GIMP ní tiẹ̀, ọ̀fẹ́ ni gbogbo ẹ̀, lápútọ́ọ̀pù ló sì ń fẹ́, ẹ tètè cháàjì ẹ̀ kí wọ́n tó mú iná lọ. Wàá mú Ellipse Select (irinṣẹ́ tá a fi ń fa òbìrìkítí), wàá di Shift mú bó o ṣe ń fà á kó lè rí róbótó, wàá wá mú gradient (òun ló ń yí àwọ̀ kan sí òmíràn díẹ̀díẹ̀), yan Radial (èyí tó ń tàn yíká láti ojú kan), fi funfun àti pupa sí i, bẹ̀rẹ̀ láti òkè lápá òsì, háà, bọ́ọ̀lù yẹn á dán bíi pé iná tàn sí i! Okùn ẹ̀, orúkọ, àwòrán àdìrẹ tó o fẹ́ fi ṣọ̀ṣọ́, kálukú sórí layer tiẹ̀ (bí abala ìwé tá a tò lé ara wọn), tí ọ̀kan bá bàjẹ́ kò kan ìyókù. Ẹ tọ́jú XCF (fáìlì GIMP fúnra ẹ̀, tó ń pa àwọn layer mọ́), kẹ́ ẹ wá export ẹ̀ sí PNG, irú fáìlì àwòrán tí ẹ̀yìn ẹ̀ lè ṣófo, kì í ṣe JPEG o, JPEG ló fi funfun sẹ́yìn tèmi kí n tó gbé e lọ tẹ̀ ládùúgbò Tákìé.

Fún WhatsApp, Canva tó. Èyí tá a máa tẹ̀ síwèé, GIMP ni tèmi.