Blind fún òrùlé gíláàsì tí igun rẹ̀ kò bára mu: ọdún kan rèé tí mo ti ń lò ó

Yàrá onígíláàsì tó wà lẹ́yìn ilé wa ni mo fẹ́ràn jù lọ nínú gbogbo ilé, àmọ́ bí oòrùn bá ti kan àtàrí, kò sẹ́ni tó lè jókòó síbẹ̀. Gíláàsì ni òrùlé rẹ̀ náà, ojú mẹ́sàn-án. Mẹ́ta péré ló gún régé ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mẹ́rin wà tí ẹ̀gbẹ́ kan wọn gún gbọọrọ, tí èkejì sì dagẹ̀rẹ̀. Méjì tó kù jẹ́ onígun mẹ́ta, ṣóńṣó wọn wà lókè.

Mo wá pinnu láti ra blind, ìyẹn aṣọ tí a ń ta bo gíláàsì láti dí oòrùn. Èyí tó ń ká mọ́ ọ̀pá bí ẹní ni mo kọ́kọ́ ní lọ́kàn. Kò bọ́ sí i rárá. Ohun tí a óò ká mọ́ ọ̀pá, fífẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ dọ́gba láti òkè dé ìsàlẹ̀. Òrùlé sì tún dagẹ̀rẹ̀: aṣọ tí kò sí ohun tó gbé e dúró á rọ̀ jọwọlọ sórí ẹni tó wà nísàlẹ̀. Èyí tí mo wá rà ni èyí tó ń ká bí abẹ̀bẹ̀, tí wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fà le gba inú rẹ̀ kọjá. Inú aṣọ náà ní ihò-ihò bí afárá oyin, ẹ̀yìn rẹ̀ tó kọjú sí gíláàsì sì ń dán bíi fàdákà kó lè dá ìtànṣán padà.

Wíwọ̀n ló gba àkókò mi jù. Mo rò pé ojú gíláàsì méjì tó kọjú síra yóò dọ́gba, àfi ìgbà tí mo wọ̀n wọ́n tí ọ̀kan fi 9 mìlímítà gùn ju èkejì lọ. Ìyẹn tó láti mú kí blind kan há, tàbí kó fi àlàfo sílẹ̀ fún oòrùn. Téèpù lè sọ bí ẹ̀gbẹ́ kan ṣe gùn tó. Bí igun ṣe ṣí tó ni kò lè sọ. Páálí ló gbà mí. Mo gé páálí fún ojú kọ̀ọ̀kan, mo ń fi bíléèdì gé etí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí tó fi jókòó sínú férémù láìfì. Mo kọ nọ́ńbà sí i, mo kọ òkè àti ìsàlẹ̀, mo sì kọ ojú tó kọ sí inú yàrá.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fo ti ìkẹyìn yìí. Mo gbàgbé rẹ̀ lára páálí kan, àwọn tó ń fi páálí náà gé blind sì gé aṣọ rẹ̀ ní òdìkejì: bí mo bá gbé e kó bá férémù mu, ẹ̀yìn fàdákà ló ń kọjú sí wa. Èmi ni mo san owó òmíràn, ó sì dùn mí gan-an.

Dídè é kò ṣòro bí ẹ bá ní ẹni tó máa di àkàbà mú. Ṣúkúrù kúkúrú ni kí ẹ lò, kí dírílì má sì dorí kọ etí gíláàsì. Gíláàsì onípele méjì ni, wọ́n sì dì í pa ní etí. Tí ibẹ̀ bá lu, ọ̀rinrin á wọ àárín rẹ̀, kò sì ní ṣeé nù.

Ooru dín kù, kò lọ tán. Inú ilé ni blind yìí wà, ooru ti la gíláàsì kọjá kó tó pàdé rẹ̀. Èyí tí wọ́n ń dè sí òde ló lè dá a dúró jù bẹ́ẹ̀ lọ. Síbẹ̀, a ti ń jẹun ọ̀sán níbẹ̀ báyìí, bí a bá ṣáà ti ṣí fèrèsé òkè kí ooru tó há sẹ́yìn aṣọ rí ọ̀nà jáde. Nígbà òtútù, afẹ́fẹ́ inú ihò afárá oyin yẹn kì í jẹ́ kí yàrá tètè tutù lálẹ́. Omi máa ń sẹ̀ sára gíláàsì tó bá di àárọ̀, nítorí náà mo máa ń tètè ká a kó lè gbẹ. Kòkòrò tó bá kú sínú ihò náà kì í ṣeé yọ bọ̀rọ̀. Mẹ́ta ti wà níbẹ̀, òjìji wọn sì ń hàn bí oòrùn bá ràn.

Àwọn onígun mẹ́ta ni mi ò lè yìn tó ìyókù. Wáyà kan péré ló gba àárín wọn, nítorí náà wọ́n máa ń wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, màá sì tún gun àkàbà lọ tò wọ́n. Láti oṣù kejì ni mo ti fi wọ́n sílẹ̀ ní títì. Bí mo bá tún fẹ́ rà, èyí tí kì í ṣí rárá ni màá ní kí wọ́n ṣe sí igun méjèèjì yẹn. Méje tó kù, irú wọn gan-an ni màá tún rà.