Àgbéyẹ̀wò Sikọ́láṣíìpù tí Ó Gbé Mi láti Òṣogbo Dé Àpérò Àgbáyé lórí Iṣẹ́ Ìrànlọ́wọ́

Àwọn ọ̀dọ́ tí a jọ ń ṣe iṣẹ́ ìrànlọ́wọ́ ní Òṣogbo máa ń bi mí bóyá ó yẹ kí àwọn náà kọ̀wé béèrè fún irú sikọ́láṣíìpù tí mo fi lọ sí àpérò àgbáyé àwọn òṣìṣẹ́ ìrànlọ́wọ́ ní ìlú Geneva, ní orílẹ̀-èdè Switzerland. Ó yẹ. Ohun tí mo kọ́ níbẹ̀ ti wọ inú iṣẹ́ tí a ń ṣe nílé, n kò sì kábàámọ̀ wàhálà tí mo ṣe kí n tó débẹ̀. Síbẹ̀, ọ̀nà tí àwọn olùṣètò ń gbà san owó ìrànwọ́ náà ní àléébù ńlá kan, orí àwọn tí wọ́n tìtorí wọn dá ètò náà sílẹ̀ gan-an ni àléébù náà sì ń já lé. N kò ní dárúkọ àpérò náà, nítorí pé ọ̀pọ̀ irú ètò bẹ́ẹ̀ ni ó ń sanwó lọ́nà kan náà.

Ìkọ̀wé béèrè kò le. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni fọ́ọ̀mù wà, a kì í sì í san kọ́bọ̀ láti kún un. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ní kí ẹ san owó fọ́ọ̀mù, oníjìbìtì ni. Wọ́n béèrè iṣẹ́ tí mo ń ṣe, àwọn tí iṣẹ́ náà ń ṣe láǹfààní, àti ohun tí n ó fi ìmọ̀ náà ṣe bí mo bá padà dé. Mo ṣàlàyé bí a ṣe máa ń kó àwọn arúgbó àti ọmọdé kúrò nílé nígbà tí odò Ọ̀ṣun bá kún tí ó sì ya wọ inú ilé ní agbègbè Gbọ́dọ̀fọ́n, bí a ṣe ń wá ibi tí wọn yóò sùn sí, àti bí a ṣe ń pín omi àti oúnjẹ fún wọn. Mo fi lẹ́tà ẹ̀rí láti ọ̀dọ̀ olórí àdúgbò wa tì í. Ó dá mi lójú pé àlàyé tí ó ṣe pàtó yìí ni ó gbè mí, torí pé gbogbo àwọn tí a jọ gba sikọ́láṣíìpù náà tí mo bá sọ̀rọ̀, iṣẹ́ ọwọ́ ara wọn ni wọ́n kọ sílẹ̀.

Ibi owó ni ọ̀rọ̀ ti le. Lẹ́tà tí wọ́n fi yàn mí sọ pé àwọn yóò gbé ìnáwó mi, ṣùgbọ́n owó ìforúkọsílẹ̀, ibùsùn àti oúnjẹ ọ̀sán nìkan ni wọ́n san ní tààrà. Tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú, owó físà àti ìwé adójútòfò ìrìn àjò, èmi ni n ó kọ́kọ́ san wọ́n, kí n tó fi rìsíìtì béèrè owó mi lẹ́yìn àpérò. Switzerland wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí ó ń lo físà Schengen, físà kan ṣoṣo tí a fi ń wọ ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù. Láti oṣù kẹfà ọdún 2024, 90 yúrò ni àgbàlagbà ń san fún un, wọn kì í sì í dá owó náà padà bí wọn kò bá fún ènìyàn ní físà. Ìwé adójútòfò náà gbọ́dọ̀ lè gbé ìnáwó ìtọ́jú àìsàn tí kò dín ní 30,000 yúrò. Ẹ lè fi ìwé sílẹ̀ láti oṣù 6 ṣáájú ìrìn àjò, kò sì gbọdọ̀ ku ohun tí ó dín ní ọjọ́ 15. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ tètè ṣe é, nítorí pé ọjọ́ ìpàdé fún físà máa ń kún kíákíá.

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí ìyá mi wà lọ́jà ni ó yá mi lówó, àwọn ẹ̀gbọ́n mi sì fi díẹ̀ kún un. Àwọn olùṣètò dá owó mi padà láì dín kọ́bọ̀, mo sì yìn wọ́n fún un, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí ó tó dé. Èlé ń gorí owó àjẹṣẹ́kù náà ní gbogbo àkókò yẹn, kò sì sí ibì kankan nínú fọ́ọ̀mù wọn tí a lè kọ èlé sí. Mo tún ní láti ṣí àkántì owó òkèèrè ní báǹkì kí wọ́n tó lè fi owó náà ránṣẹ́. Nọ́ọ̀sì kan tí ó ń ṣiṣẹ́ ní abúlé, tí wọ́n yàn pẹ̀lú mi, kò rí ẹni tí yóò yá a lówó tíkẹ́ẹ̀tì, kò sì lè lọ. Ó ń dùn mí títí di òní, nítorí pé iṣẹ́ tí ó ń ṣe ju tèmi lọ.

Ní ti àpérò fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ ìṣíde inú gbọ̀ngàn ńlá kò fún mi ní ohun púpọ̀. Inú àwọn yàrá kéékèèké ni mo ti jèrè. Èyí tí mo mọrírì jù lọ ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí ìlànà Sphere, òṣùwọ̀n tí àwọn àjọ ìrànlọ́wọ́ jọ gbé kalẹ̀ lẹ́yìn ohun tí ojú wọn rí ní 1994, nígbà tí àrùn onígbáméjì pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn nínú àgọ́ àwọn ogúnléndé ará Rwanda. Ìlànà náà sọ pé ẹnì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ rí ó kéré tán lítà omi 15 lò lójúmọ́ fún mímu, oúnjẹ sísè àti ìmọ́tótó. Pé kí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan má ṣe sin ju ènìyàn 20 lọ. Àti pé kí ibi tí wọn yóò ti pọn omi má ṣe jìnnà ju 500 mítà lọ. Olùkọ́ wa pín wa sí ọ̀wọ́, ó ní kí a gbà pé ènìyàn 400 ti sá wá sí ilé ẹ̀kọ́ kan, kí a ṣírò ohun tí wọn yóò nílò. Lítà omi 6,000 lójúmọ́, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ 20. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ sílẹ̀ ni mo ń ronú kan àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìjọba tí mo mọ̀ ní Òṣogbo, n kò sì rántí èyí tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo pia wọ́tà tí gbogbo wa máa ń rà fún àwọn tí omi lé kúrò nílé. Àpò kan tí ó ní ọ̀rá 20, tí ọ̀rá kọ̀ọ̀kan sì gba sẹ́ńtílítà 50, lítà 10 péré ni gbogbo rẹ̀. Odindi àpò kan kò tó ẹnì kan ṣoṣo lò fún ọjọ́ kan. Ìṣirò yìí ni ó là mí lójú pé kànga tí omi rẹ̀ mọ́, ike tí wọn yóò fi pọn ọ́n àti ibi tí wọn yóò ti wẹ̀ ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ máa wá, kí omi inú ọ̀rá wà fún mímu nìkan.

Ìjókòó mìíràn dá lórí ìlérí tí àwọn orílẹ̀-èdè tí ó ń fúnni lówó àti àwọn àjọ ńláńlá ṣe ní Istanbul ní 2016, èyí tí wọ́n ń pè ní Grand Bargain, pé tí yóò bá fi di 2020, ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún owó ìrànlọ́wọ́ yóò máa lọ sọ́wọ́ àwọn ẹgbẹ́ ìbílẹ̀, ní tààrà bí ó bá ti lè ṣeé ṣe tó. 2020 kọjá, ìlérí náà kò ṣẹ. Mo nawọ́, mo sì béèrè bí ẹgbẹ́ ìbílẹ̀ tí kò rí owó tíkẹ́ẹ̀tì yá yóò ṣe dé yàrá tí a ti ń jíròrò lórí owó tí ó tọ́ sí i. Obìnrin tí ó ń darí ìjókòó náà kò fọwọ́ rọ́ ọ̀rọ̀ náà sẹ́yìn. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì ní kí n fi ránṣẹ́ sí àwọn tí ó ń mójú tó sikọ́láṣíìpù. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Wọn kò tíì fèsì.

Bí ẹ bá dé Geneva, ẹ wá àyè lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Red Cross, tí wọ́n ṣí ní 1988. Oníṣòwò ni Henry Dunant, ẹni tí èrò Red Cross ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ wá, kì í ṣe dókítà, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe sójà. Ní 1859, ó bá àwọn tí ó fara gbọgbẹ́ nínú ogun Solferino ní Ítálì, òun àti àwọn obìnrin ìlú Castiglione sì ń tọ́jú wọn láì wo ẹ̀yìn ẹni tí wọ́n ti jà. Ìgbìmọ̀ tí ó di Red Cross bẹ̀rẹ̀ ní 1863, Dunant sì wà lára àwọn méjì tí ó kọ́kọ́ gba ẹ̀bùn Nobel fún àlàáfíà ní 1901. Àwọn ìyá Castiglione ni ọkàn mi ń lọ sí jù, torí pé mo mọ irú wọn ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, àwọn tí ó máa ń dáná fún ẹni tí omi lé kí ẹnikẹ́ni tó gbé àpò ìrẹsì dé láti ibòmíràn. Oúnjẹ wọ́n gan-an ní ìlú náà, owó oúnjẹ alẹ́ kò sì sí nínú ìrànwọ́. Àmọ́ ọ̀fẹ́ ni a ń wọ bọ́ọ̀sì àti tráàmù, nítorí pé àwọn òtẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ máa ń fún àlejò ní káàdì ìrìnnà.

Láti ìgbà tí mo ti dé, ẹgbẹ́ wa ti ka ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti kànga àwọn ilé ẹ̀kọ́ tí ó wà ládùúgbò wa, a sì ti kó àkọsílẹ̀ náà fún olórí àdúgbò kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Ìlànà Sphere wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, nítorí náà ẹni tí kò bá rí sikọ́láṣíìpù gbà náà lè bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.

Ẹ kọ̀wé béèrè, kódà bí ẹ kò bá ní ẹni tí yóò yá yín lówó. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó fọwọ́ sí lẹ́tà ìtẹ́wọ́gbà, ẹ béèrè bóyá wọ́n lè ra tíkẹ́ẹ̀tì fún yín ní tààrà. Ọkùnrin kan láti Kenya tí mo bá pàdé níbẹ̀ béèrè bẹ́ẹ̀, wọ́n sì rà á fún un, bẹ́ẹ̀ kò sí ibì kankan nínú fọ́ọ̀mù tí wọ́n ti sọ pé ó ṣeé ṣe. Ohun tí mo ń bẹ àwọn olùṣètò fún ni pé kí wọ́n kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù náà, sí ojú ìwé kìíní, kí gbogbo ènìyàn lè rí i.