Ìtọ̀ tó ń jò lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ prostate (ẹ̀yà ara ọkùnrin tó wà lábẹ́ àpò ìtọ̀): ká ṣe eré ìdárayá nílé àbí lọ́dọ̀ físíò (ẹni tó ń fi eré ìdárayá tọ́jú iṣan ara)?

Ẹ̀yin bàbá wa ní Kàbà àti Mopa, tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe é nílé, kò ná yín ní kọ́bọ̀, ẹ fún iṣan ìdí pọ̀ bí ẹni tó ń dá ìsó dúró, ẹ kà dé márùn-ún, ẹ tú u sílẹ̀, ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ìgbà mẹ́ta lójúmọ́, àmọ́ ọ̀pọ̀ ló ń fún ikùn tàbí kí wọ́n sé èémí, ìyẹn ò ràn wọ́n lọ́wọ́ rárá.

Físíò á gba owó, owó mọ́tò dé Lọ́kọ́ja náà ń bẹ, ṣùgbọ́n á mọ̀ bóyá iṣan tó yẹ lẹ̀ ń fún.

Èyí tẹ́ ẹ bá mú, kí wọ́n kọ́kọ́ yọ rọ́bà tí wọ́n fi ń fa ìtọ̀ jáde lára yín ná, ẹ sì ní sùúrù, ó lè gba oṣù mélòó kan.

Tí ìtọ̀ tó ń jò bá ń dínkù, ti ilé tó. Tẹ́ ò bá dá iṣan náà mọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá físíò lọ.